Ọmọdé Gbọ́n, Àgbà Gbọ́n: Àgbéyẹ̀wò Ìkọ́ni àti Ìdánwò Láti Inú Ètò Ẹ̀kọ́ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Ifẹ̀

Ìfáàrà

"Ṣé ó yé yín?"
"Ó yé wa, sà!"

Kò sí ẹni tó kẹ́kọ̀ọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá tí kò mọ ìbéèrè yìí àti èsì rẹ̀. Olùkọ́ á kọ iṣẹ́ sí ojú pátákó, á ṣàlàyé, á kọjú sí àwọn ọmọ, á sì béèrè. Gbogbo kíláàsì á dáhùn ní ohùn kan. Bí gbólóhùn náà tilẹ̀ ní wúnrẹ̀n ìbéèrè nínú, iṣẹ́ ìkíni ló ń ṣe. Ó jọ "Ṣé àlàáfíà ni?" tí èsì rẹ̀ ti wà nílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó béèrè rẹ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ kò yá pàápàá á kọ́kọ́ dáhùn pé àlàáfíà ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ tí iṣẹ́ kò yé ṣe ń bá ẹgbẹ́ dáhùn pé ó yé òun, nítorí pé bí ó bá sọ òdìkejì rẹ̀, ó lè jọ àìmọ̀wàáhù sí àgbà, ó sì lè fa ẹ̀sín láti ọ̀dọ̀ ojúgbà. Olùkọ́ gba ìkíni náà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí, ó sì tẹ̀síwájú. Ìgbà tí ìdánwò ìparí sáà bá dé ni àṣírí á tó tú, nígbà tí ẹ̀pa kò bóró mọ́.

Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí gbé yẹ̀wò ni àjọṣe tó wà láàárín èdè ìkọ́ni, ọ̀nà ìkọ́ni àti ìdánwò ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ètò Ẹ̀kọ́ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Ọlọ́dún Mẹ́fà ti Ifẹ̀ ni ó fi ṣe òpómúléró, nítorí pé òun ni gbogbo onímọ̀ ń tọ́ka sí nígbàkúùgbà tí ọ̀rọ̀ èdè abínibí bá ṣẹlẹ̀. Àríyànjiyàn rẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń gbé ètò náà lárugẹ ti dá dúró sórí èdè nìkan. Èdè Yorùbá fún ọmọ ní agbára láti dáhùn bí wọ́n bá bi í pé, "Báwo ni o ṣe ṣe é?" Ṣùgbọ́n èdè nìkan kò lè mú kí olùkọ́ béèrè ìbéèrè náà.

Ètò Ifẹ̀ àti ohun tí èsì rẹ̀ lè jẹ́rìí sí

Ní ọdún 1970 ni Yunifásítì Ifẹ̀, tó ti di Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lónìí, bẹ̀rẹ̀ ètò yìí lábẹ́ àkóso Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá, pẹ̀lú owó ìrànwọ́ láti ọ̀dọ̀ àjọ Ford Foundation. Ilé-ẹ̀kọ́ St. Stephen's "A" ní Modákẹ́kẹ́ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ìlànà tó wà lóde nígbà náà ni pé kí wọ́n fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́, kí wọ́n sì yí sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún mẹ́ta tó kẹ́yìn. Kíláàsì ìwádìí kò tẹ̀lé ìlànà yìí. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ wọn ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì, ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ àti àṣà, àti Yorùbá fúnra rẹ̀ fún ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan láàyè ara rẹ̀, láti ọwọ́ olùkọ́ tó mọ̀ nípa rẹ̀. Kíláàsì mìíràn tó tẹ̀lé ìlànà àtijọ́ ni wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n.

Ìjábọ̀ tí Fáfúnwá, Macauley àti Sokoya tẹ̀ jáde ní 1989 fi hàn pé àwọn ọmọ kíláàsì ìwádìí kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ta àwọn ẹgbẹ́ wọn yọ nínú àwọn iṣẹ́ yòókù. Èsì yìí ṣe pàtàkì púpọ̀. Ó já irọ́ àwọn tó ń sọ pé Yorùbá kò lè gbé ìmọ̀ ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, ó sì fún iṣẹ́ àwọn onímọ̀ èdè ní ìtìlẹ́yìn. Ṣáájú ìjábọ̀ yìí ni ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá ti jáde, tí Ayọ̀ Bámgbóṣé jẹ́ olóòtú apá kìíní rẹ̀ ní 1984, tí wọ́n sì fi ṣètò ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ lè fi kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni.

Síbẹ̀, lámèyítọ́ tó bá fẹ́ fi òótọ́ inú wo èsì náà gbọ́dọ̀ bi í ní ìbéèrè kan: kí ni ó fa ìtayọ àwọn ọmọ wọ̀nyí? Èdè ìkọ́ni nìkan kọ́ ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín kíláàsì méjèèjì. Kíláàsì ìwádìí rí ìwé tuntun gbà, ètò ẹ̀kọ́ tuntun ni wọ́n lò, àwọn olùkọ́ wọn gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́, àwọn olùṣèwádìí sì ń wọlé wọ̀de lọ́dọ̀ wọn. Bí iṣu ẹni bá ta ní oko tí wọ́n ti yí ebè padà, tí wọ́n fi ajílẹ̀ sí, tí wọ́n sì gbin irú tuntun sí, kò rọrùn láti sọ pé irú tuntun náà nìkan ló ṣe é. Ọ̀rọ̀ yìí kò bu iyì ètò náà kù. Ohun tó ń tọ́ka sí ni pé ajílẹ̀ àti ebè yẹ ní àyẹ̀wò tiwọn. Bí ìjọba kan bá fẹ́ fi Ètò Ifẹ̀ ṣe àwòkọ́ṣe, tó sì mú èdè níbẹ̀ láìmú ìwé, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ àti ọ̀nà ìkọ́ni, kò tíì ṣe ohun tí Ifẹ̀ ṣe.

Òwú àti káàdì

Àpẹẹrẹ tó dára jù lọ nípa ohun tí ọ̀nà ìkọ́ni lè ṣe wá láti Ifẹ̀ bákan náà, ó sì wà nínú ìwé Helen Verran, Science and an African Logic, tó jáde ní 2001. Ọmọ Ọsirélíà ni Verran, ó sì wà lára àwọn tó ń kọ́ àwọn olùkọ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀ fún ọdún mélòó kan láti ìparí àwọn ọdún 1970. Nínú ìwé náà, ó ròyìn bí ọ̀kan lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́-olùkọ́ rẹ̀ ṣe kọ́ àwọn ọmọ ní bí wọ́n ṣe ń wọn gígùn. Ọ̀nà tí Verran ti fi hàn án tẹ́lẹ̀ ni pé kí ọmọ fi okùn mú gígùn nǹkan, kí ó na okùn náà tààrà, kí ó sì fi rúlà kà á. Olùkọ́ náà kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó pín káàdì kékeré tí gígùn rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10 fún àwọn ọmọ, ó ní kí wọ́n we okùn náà mọ́ káàdì, kí wọ́n ka iye mẹ́wàá-mẹ́wàá tó wà níbẹ̀, kí wọ́n ka èyí tó ṣẹ́kù, kí wọ́n sì pa á pọ̀. Ẹ̀kọ́ náà kẹ́sẹ járí, ìyàlẹ́nu ni ó sì jẹ́ fún Verran.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó túmọ̀ ohun tó rí sí pé ọgbọ́n nọ́ńbà Yorùbá yàtọ̀ pátápátá sí ti Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tó yá, ó padà fúnra rẹ̀ ṣe lámèyítọ́ ìtumọ̀ yìí, ó sì sọ ibi tó ti kù díẹ̀ káàtó. Ohun tó jẹ ẹ́ lógún jù ni ohun tí nọ́ńbà jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ mìíràn wà nínú ìtàn náà fún onímọ̀ ẹ̀kọ́. Nígbà tí okùn bá wé mọ́ káàdì, ìrònú ọmọ ti jáde síta, ojú sì lè rí i. Bí ọmọ kan bá ka ìwékún mẹ́jọ dípò mẹ́sàn-án, ọmọ kejì tó di okùn mú lè tún un kà, kí wọ́n jọ rí ibi tí àṣìṣe ti wọlé. Olùkọ́ tó ń rìn káàkiri kò ní láti béèrè bóyá ó yé wọn. Ó ń rí i. Ìkọ́ni àti ìdánwò ti di iṣẹ́ kan náà níbẹ̀, láìsí ìwé ìdánwò, láìsí máàkì.

Èyí ni ìtumọ̀ tí àpilẹ̀kọ yìí fún ìkọ́ni tó ń mú akẹ́kọ̀ọ́ ṣiṣẹ́. Kì í ṣe ariwo, kì í sì í ṣe eré lásán. Àwọn ọmọ lè jó, kí wọ́n pàtẹ́wọ́, kí wọ́n kọrin ìṣirò títí, kí iṣẹ́ ọpọlọ kankan má sì wáyé. Ìkọ́ni yẹ ní orúkọ yìí nígbà tí iṣẹ́ tí ọmọ ń ṣe bá mú kí ìrònú rẹ̀ hàn sí òun fúnra rẹ̀, sí ẹgbẹ́ rẹ̀ àti sí olùkọ́ rẹ̀.

Àlọ́ àpamọ̀: ibi tó ti wúlò àti ibi tó kù sí

Ó ti di àṣà láàárín àwọn onímọ̀ láti sọ pé irú ìkọ́ni bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àjèjì, pé àwọn baba ńlá wa ti ń fi àlọ́ àpamọ̀ ṣe é. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n ó yẹ kí wọ́n wọ̀n ọ́n dáadáa. Ẹ jẹ́ kí a wo àlọ́ tó gbajúmọ̀ yìí: awẹ́ obì kan, à-jẹ-dọ́yọ̀ọ́. Ahọ́n ni ìtumọ̀ rẹ̀. Láti dé ibẹ̀, ọmọ gbọ́dọ̀ gbé ìrísí awẹ́ obì yẹ̀ wò, kí ó ronú nípa ohun tó wà lẹ́nu tí kì í tán bó ti wù kí ìrìn àjò jìnnà tó, kí ó sì so méjèèjì pọ̀. Bí ó bá dáhùn pé eyín ni, kò sí ẹni tó máa nà án. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á sọ fún un pé eyín kì í ṣe ẹyọ kan, kò sì jọ awẹ́ obì. Àṣìṣe rẹ̀ á di àtẹ̀gùn fún ẹlòmíràn. Ìgbéléwọ̀n tó dán mọ́rán ni èyí.

Àmọ́ ẹ̀ẹ̀kan péré ni àlọ́ náà lè dán ọgbọ́n ọmọ wò. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, bí wọ́n bá tún pa á, ìrántí nìkan ni yóò fi dáhùn. Àlọ́ tó ti di mímọ̀ kò yàtọ̀ sí "Ṣé ó yé yín?" mọ́, èsì rẹ̀ ti wà nílẹ̀. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ sí ìbéèrè ìdánwò tí olùkọ́ ń tún lò lọ́dọọdún. Síwájú sí i, kì í ṣe gbogbo ẹ̀kọ́ ìbílẹ̀ ló rí bí àlọ́. Ọmọ awo tó ń kọ́ Ifá gbọ́dọ̀ há ẹsẹ sórí fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó gbà á láyè láti túmọ̀ rẹ̀. Àkọ́sórí náà ní àyè tirẹ̀, nítorí pé ẹni tí kò ní ẹsẹ lórí kò ní ohun tí yóò túmọ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ pé àkọ́sórí jẹ́ ti òyìnbó, pé ìrònú sì jẹ́ ti Yorùbá, ń tan ara rẹ̀ ni. Méjèèjì wà nílé, méjèèjì sì wà lẹ́yìn odi. Ohun tó yẹ kí onímọ̀ mú nínú àlọ́ ni ìlànà rẹ̀: ìbéèrè tí èsì rẹ̀ kò tíì sí nílẹ̀, àǹfààní láti ṣì í láìsí ìyà, àti àlàyé ìdí tí èsì kan fi tọ̀nà.

Ìdánwò tàbí ìdájọ́?

Ọ̀rọ̀ Yorùbá fún iṣẹ́ yìí yẹ ní àtúpalẹ̀. Ìdánwò wá láti inú "dán wò". Ọ̀rọ̀-ìṣe "wò" tó wà níparí rẹ̀ ni ó wà nínú "tọ́ wò", "wọ̀ wò" àti "gbé wò". Nínú gbogbo wọn, ẹni tó ń ṣe é fẹ́ mọ̀ kí ó lè ṣe ohun tó kàn. Ẹni tó tọ́ ọbẹ̀ wò lórí iná lè fi iyọ̀ sí i. Oníbàárà tó wọ aṣọ wò ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀ lè ní kí ó fún apá rẹ̀ sí i. Àtúnṣe ni ó tẹ̀lé ìwò náà. Ìgbéléwọ̀n ní tirẹ̀, láti inú "gbé lé ìwọ̀n", mú ojú ọjà wá sí ọkàn: wọ́n gbé ọjà lé ìwọ̀n, wọ́n sọ iye tó jẹ́, ó parí. Pẹ̀lú gbogbo èyí, ohun tí ilé-ẹ̀kọ́ ń pè ní ìdánwò lónìí ti di ìwọ̀n lásán. Ó ń sọ iye tí ọmọ jẹ́, kò sọ ohun tí olùkọ́ yóò ṣe lọ́la.

Ìlànà Ẹ̀kọ́ Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, tó kọ́kọ́ jáde ní 1977, ti gbìyànjú láti tún èyí ṣe nípa ìgbéléwọ̀n àtìgbàdégbà. Èrò tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni pé kí wọ́n máa mọ ìlọsíwájú ọmọ jálẹ̀ ọdún, kí gbogbo ọ̀rọ̀ má dá lórí ìdánwò ọjọ́ kan. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ kíláàsì, ohun tó kù nínú èrò yìí ni tẹ́ẹ̀sì méjì tàbí mẹ́ta tí wọ́n ń ro máàkì wọn pọ̀ mọ́ ti ìparí sáà. Dípò ìwọ̀n kan, ìwọ̀n mẹ́rin. Iye ìgbà tí wọ́n ń gbé ọmọ lé ìwọ̀n pọ̀ sí i, àtúnṣe kò pọ̀ sí i.

Àpẹẹrẹ kan láti inú òǹkà Yorùbá lè mú ọ̀rọ̀ náà ṣe kedere. Ká ní olùkọ́ ní kí àwọn ọmọ kọ mẹ́tàdínláàádọ́ta sílẹ̀ ní fígọ̀. Ìdáhùn tó tọ̀nà ni 47. Ọmọ kan kọ 53, èkejì kọ 37, ẹ̀kẹta kọ 74. Nínú ìwé máàkì, òdo ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbà. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣe wọ́n kò jọra rárá. Ẹni tó kọ 53 mọ̀ pé 50 ni àádọ́ta, "dín" ni ó ṣì pè ní "lé". Ẹni tó kọ 37 mọ iṣẹ́ tí "dín" ń ṣe, àádọ́ta ni ó gbà sí ogójì. Ẹni tó kọ 74 lè ti mọ iye náà lórí, kí ó jẹ́ pé bí wọ́n ṣe ń to fígọ̀ sí ipò rẹ̀ ni kò tíì dá a lójú. Àìsàn mẹ́ta, oògùn mẹ́ta. Olùkọ́ tó fi òdo sí wọn nídìí, tó sì tún gbogbo ẹ̀kọ́ náà ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ fún gbogbo kíláàsì, kò wo ọ̀kan nínú wọn sàn. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni yóò fi mọ̀ wọ́n yàtọ̀: "Báwo ni o ṣe mọ̀?"

Ìwádìí láti ibòmíràn ti ọ̀rọ̀ yìí lẹ́yìn. Ní 1988, Ruth Butler ṣe ìwádìí lórí àwọn ọmọ kíláàsì karùn-ún àti kẹfà ní Ísírẹ́lì. Ó fún àwọn kan ní máàkì nìkan, ó fún àwọn kan ní àlàyé nìkan lórí iṣẹ́ wọn, ó sì fún àwọn yòókù ní méjèèjì. Àwọn tó gba àlàyé nìkan ni iṣẹ́ wọn gbé pẹ́ẹ́lí sí i, tí ìfẹ́ wọn sí iṣẹ́ náà kò sì dín. Àwọn tó gba méjèèjì kò jèrè àlàyé náà, nítorí pé máàkì ni ojú wọn lọ síbi rẹ̀. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ní 1998, Paul Black àti Dylan Wiliam ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe àkójọ ọ̀pọ̀ ìwádìí bẹ́ẹ̀. Wọ́n fi hàn pé ìgbéléwọ̀n tí olùkọ́ ń lò láti fi tún ìkọ́ni rẹ̀ ṣe ń gbé ẹ̀kọ́ ọmọ sókè, àti pé àwọn ọmọ tó ń rẹ̀yìn ni ó sábà máa ń ràn lọ́wọ́ jù.

Àtakò àti èsì

Àwọn kan lè sọ pé ọ̀rọ̀ yìí dùn-ún sọ, kò ṣeé ṣe. Ìjọba ti fi ọmọ 35 sí abẹ́ olùkọ́ kan gẹ́gẹ́ bí òṣùwọ̀n, ọ̀pọ̀ kíláàsì sì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgbà wo ni olùkọ́ yóò gbọ́ àlàyé ọmọ kọ̀ọ̀kan? Àtakò yìí lágbára, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ìdáhùn lápapọ̀ pọ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ wa nítorí pé ó gba gbogbo ọmọ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Àbùkù rẹ̀ ni pé ohùn àwọn tó mọ̀ ń bo ti àwọn tí kò mọ̀ mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n síléètì ìgbà ayé àwọn bàbá wa lè ṣe iṣẹ́ náà láìbo ẹnikẹ́ni. Kí gbogbo ọmọ kọ èsì wọn, kí wọ́n gbé síléètì sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Ní ìṣẹ́jú kan, olùkọ́ á ti rí 53, 37 àti 74. Lẹ́yìn èyí, kí àwọn ọmọ yíjú sí ara wọn ní méjì-méjì, kí wọ́n ṣàlàyé bí wọ́n ṣe dé ibi tí wọ́n dé. Owó rẹ̀ kò pọ̀. Ohun tó pọ̀ níbẹ̀ ni ìyípadà ọkàn olùkọ́, nítorí pé kò sí ọmọ tí yóò gbé àṣìṣe rẹ̀ sókè níbi tí pàṣán ti ń dúró dè é.

Àtakò kejì wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tó gbà pé bí ọ̀nà ìkọ́ni bá ti dára, èdè yòówù kí wọ́n lò kò ṣe nǹkan kan. Ibí ni Ètò Ifẹ̀ ti gba ìdúró rẹ̀ padà. Ọmọ ọdún mẹ́jọ tó ń gbọ́ Yorùbá nílé lè kọ́ láti sọ "forty-seven" ní Gẹ̀ẹ́sì. Bí wọ́n bá wá ní kí ó ṣàlàyé ìdí tí òun fi kọ 53, ẹnu rẹ̀ á wúwo. Kì í ṣe pé kò ronú, èdè tó lè fi gbé ìrònú náà jáde ni kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Olùkọ́ á wá gbà pé òpè ni. Gbogbo ìkọ́ni tó ń mú ọmọ ṣiṣẹ́ dúró lórí àlàyé, àlàyé sì dúró lórí èdè tó ti gbó lẹ́nu ọmọ. Nítorí náà, ọ̀nà ìkọ́ni nílò èdè gẹ́gẹ́ bí èdè ṣe nílò ọ̀nà ìkọ́ni.

Ìgbà tí ọ̀rọ̀ yìí bọ́ sí kò gba àfara. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, Ìjọba Àpapọ̀ Nàìjíríà fọwọ́ sí ìlànà pé kí èdè abínibí jẹ́ èdè ìkọ́ni fún ọdún mẹ́fà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, wọ́n kéde pé wọ́n ti wọ́gi lé e, wọ́n sì fi èsì ìdánwò àwọn ọmọ ṣe ọ̀kan nínú àwọn ìdí tí wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ti ń fọkàn bá àlàyé yìí bọ̀ yóò rí ibi tí àròjinlẹ̀ náà ti kù. Wọ́n gbé èsì lé ìwọ̀n, wọ́n rí i pé ó fúyẹ́, wọ́n sì dá èdè lẹ́bi. Kò sí ohun tó fi hàn pé ìwé ti dé ọwọ́ ọmọ, pé olùkọ́ ti gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́, tàbí pé ẹnikẹ́ni ti bi ọmọ náà pé báwo ni ó ṣe ṣe é. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ tó gba òdo ló ṣẹlẹ̀ sí èdè náà: wọ́n ṣèdájọ́ rẹ̀, wọn kò dán an wò.

Ìkádìí

Ohun tí àgbéyẹ̀wò yìí ti fi hàn kò kọjá mẹ́ta. Àkọ́kọ́, èsì Ètò Ifẹ̀ tóbi, ṣùgbọ́n kì í ṣe èdè nìkan ló bí i. Ìkejì, ìkọ́ni tó ń mú ọmọ ṣiṣẹ́ ni èyí tó ń mú ìrònú rẹ̀ jáde síta, yálà okùn ni wọ́n fi ṣe é tàbí àlọ́. Ìkẹta, ìdánwò kò yẹ orúkọ rẹ̀ bí àtúnṣe kò bá tẹ̀lé e. Àwọn olùṣèwádìí tó ń bọ̀ lè ṣe oore ńlá bí wọ́n bá wọ inú kíláàsì tí wọ́n ti ń fi Yorùbá kọ́ni, kí wọ́n ka iye ìbéèrè olùkọ́ tí èsì rẹ̀ ti wà nílẹ̀ àti iye èyí tí èsì rẹ̀ kò tíì sí. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò sọ fún wa ju bí orí pípọ̀ máàkì ṣe lè sọ lọ.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni wọ́n fi dá ilẹ̀ Ifẹ̀. Àwọn àgbà ni wọ́n sábà máa ń pa òwe yìí, wọ́n sì sábà máa ń tẹ́tí sí ìdajì rẹ̀. Ní kíláàsì tí olùkọ́ ti ń béèrè pé "Ṣé ó yé yín?", ọgbọ́n àgbà nìkan ló ń sọ̀rọ̀. Ọjọ́ tó bá bi ọmọ tó kọ 53 pé báwo ni ó ṣe ṣe é, tó sì dákẹ́ gbọ́ ọ, ni ìdajì kejì yóò tó wọlé.